Ta Ló Ni Ilé Tí Wọ́n Ń Gbé Nínú Tẹlifíṣọ̀n?

Ilé kan wà ní Los Angeles, lójú pópó tó ń jẹ́ Dilling Street, tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ bí ẹní mowó. Ọdún 1959 ni wọ́n kọ́ ọ. Láti 1969 títí di 1974, ojú ilé yìí ni wọ́n máa ń fi hàn nínú eré àwàdà kan tí wọ́n ń pè ní The Brady Bunch: bàbá kan, ìyá kan, ọmọ mẹ́fà, àti Alice tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Ẹ ó kọ́kọ́ rí ilé náà láti ìta, orin á dún díẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ẹ ti bá ara yín ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n pálọ̀ yẹn ò sí nínú ilé yẹn o. Sítúdíò Paramount ni pálọ̀ wà. Kò sí ẹnì kan nínú ìdílé Brady tó sùn ní Dilling Street mọ́jú rí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti fèrèsé. Nínú eré, ilé àwọn Brady ní òkè, ibẹ̀ ni yàrá àwọn ọmọ wà. Ní ilé gidi, apá ibi tí wọ́n fẹ́ kí òkè wà yẹn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán ni. Wọ́n bá gbé fèrèsé irọ́ kọ́ ara ògiri níta nígbà tí wọ́n ń yà á, kí òǹwòran lè gbà pé yàrá wà lẹ́yìn rẹ̀. Fèrèsé tí ò ṣí sí ibì kankan. Èmi tó jẹ́ pé kọ́ọ̀dù ni mò ń kọ jẹun, mo mọ irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àìmọye ìgbà ni a máa ń fi bọ́tìnnì sójú app kí oníbàárà lè rí i kí inú ẹ̀ dùn, nígbà tí kò tíì sí nǹkan kan lẹ́yìn bọ́tìnnì náà. Frontend ti dé, backend ń bọ̀ lọ́la.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ará Ọ̀tà nínú ilé Los Angeles. Ó kàn mí nítorí pé àwa náà ní àwọn ìdílé tiwa tí a dàgbà níwájú wọn. Ìran mi wo Papa Ajasco, a wo Fuji House of Commotion. Àwọn àbúrò wa wo The Johnsons àti Jenifa's Diary. Àwọn ìdílé wọ̀nyí ń gbé ilé. Ilé náà ní géètì, ó ní fẹ́ńsì, ẹnì kan ló ra sìmẹ́ǹtì kọ́ ọ. Ta ni? Bí ẹ bá tẹ̀lé ìbéèrè yìí dé ìdí, ẹ ó rí i pé ọ̀nà tí àwa gbà ń lo ilé yàtọ̀ sí tiwọn, ìyàtọ̀ yẹn ló sì ń pinnu ohun tá a máa rántí àti ohun tó máa parẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọgbọ́n tó wà nínú tiwọn ná. Àwọn eré àwàdà Amẹ́ríkà tí ẹ máa ń gbọ́ ẹ̀rín èrò nínú wọn, pálọ̀ wọn kì í sábà ní ju ògiri mẹ́ta lọ. Ibi tó yẹ kí ògiri kẹrin wà, kámẹ́rà ló tò síbẹ̀, àwọn òǹwòran sì jókòó sẹ́yìn kámẹ́rà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìdílé fi máa ń há ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì oúnjẹ, bí ẹni pé wọ́n ti fi ẹ̀gbẹ́ kejì dógò. Kò sí ilé gidi tó lè gba irú ìyẹn. Nítorí náà wọ́n á rán ayàwòrán díẹ̀ jáde, wọ́n á wá ilé tó bá ìdílé náà mu, wọ́n á yà á lọ́sàn-án, wọ́n á yà á lálẹ́, ó parí. Àwòrán ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yẹn ni wọ́n á máa lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: ojú ilé ni wọ́n fi ń sọ fún òǹwòran bí owó ìdílé yìí ṣe tó àti irú àdúgbò tí wọ́n ń gbé.

Irọ́ inú ẹ̀ sì pọ̀. The Fresh Prince of Bel-Air, eré Will Smith tó wáyé láàárín 1990 sí 1996, ilé tí wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀ ò sí ní Bel-Air, Brentwood ló wà. The Cosby Show ní Brooklyn ni ìdílé Huxtable ń gbé. Ilé tí ẹ ń rí, St. Luke's Place ní Manhattan ló wà, lódìkejì odò. Ti Family Matters ní Chicago, ilé tí Urkel máa ń wọ̀ láìkan ilẹ̀kùn, wọ́n ti wó o.

Ká tiẹ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà, ká lọ sí Peckham ní London, níbi tí Yorùbá ti ń dún lórí Rye Lane bíi pé Òṣòdì ni. Peckham ni Only Fools and Horses ní Del Boy àti àbúrò ẹ̀ ń gbé, nínú ilé gogoro kan tó ń jẹ́ Nelson Mandela House. Bí ọmọ wa kan ní Peckham bá jáde lọ wá ilé yẹn, á rìn títí ẹsẹ̀ á fi wú. Acton, ní apá ìwọ̀ oòrùn London, ni wọ́n ti kọ́kọ́ yà á. Harlech Tower ni orúkọ ilé náà gan-an. Nígbà tó yá, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Bristol, wọ́n wá ń fi ilé kan tó ń jẹ́ Whitemead House ṣe Peckham. Èyí tó jẹ́ Peckham lóòótọ́ ni Desmond's, tí Trix Worrell dá sílẹ̀ fún Channel 4, láti 1989 sí 1994. Ìdílé adúláwọ̀ ni, onígbàjámọ̀ tó wá láti Guyana ni bàbá, òkè ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé. Bellenden Road, ní Peckham níbẹ̀, ni wọ́n ti ya ojú ṣọ́ọ̀bù náà. Tí ẹ bá bi mí, mo fẹ́ràn Desmond's jù nítorí ìyẹn: wọ́n ní Peckham, ó sì jẹ́ Peckham.

Àwa Yorùbá náà ti ní tiwa nínú irú ètò yìí. Bob Hearts Abishola bẹ̀rẹ̀ lórí CBS ní oṣù kẹsàn-án 2019, ó parí ní 2024. Folake Olowofoyeku ló ṣe Abishola, nọ́ọ̀sì tóun àti ọmọ ẹ̀ Dele ń gbé lọ́dọ̀ Auntie Olu àti Uncle Tunde ní Detroit. Wọ́n ń sọ Yorùbá níbẹ̀, wọ́n á sì kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ fún àwọn tí ò gbọ́. Àmọ́ sítúdíò Warner Bros. ní Burbank, ní California, ni ilé wọn wà. Yorùbá ojúlówó, Detroit ayédèrú.

Báyìí, ẹ padà sí Dilling Street, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn eré ló yà mí lẹ́nu jù. Tọkọtaya kan ra ilé náà ní 1973 ní $61,000. Fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, àjèjì ò yéé dúró níwájú ilé wọn ya fọ́tò. Nígbà tí ilé náà tún dọjà ní 2018, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HGTV rà á ní mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ dọ́là. Wọ́n wá tú inú ilé palẹ̀, wọ́n sì tún un kọ́ kó lè bá ohun tó wà ní sítúdíò láyé ọjọ́un mu. Wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn. Wọ́n ṣe ilé ìdáná olómi ọsàn àti àwọ̀ ewé. Wọ́n padà lọ wo àwọn eré àtijọ́ kí wọ́n lè mọ irú pépà tó wà lára ògiri. Ẹ wò ó, àwọn èèyàn kọ backend fún frontend tó ti pé àádọ́ta ọdún! Ní 2023 wọ́n tà á ní $3.2 mílíọ̀nù, ìyẹn ni pé ó fi $300,000 dín sí iye tí wọ́n rà á, ká má tíì dárúkọ owó àtúnṣe.

Nílé ńkọ́?

Ọdún 1959 tí wọ́n kọ́ ilé Brady yẹn náà ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Ṣẹ́gun Olúṣọlá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun náà ló sì dá The Village Headmaster sílẹ̀, eré tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní Èkó ní 1968 tó sì lò tó ogún ọdún. Ìlú tí wọ́n pè ní Oja, tí Dejumo Lewis ti jẹ ọba, ẹ ò lè wọkọ̀ débẹ̀. Inú orí òǹkọ̀wé ló wà. Láyé ìgbà yẹn, kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n wúwo, wáyà ẹ̀ gùn, iná tó ń fẹ́ pọ̀. Kì í rọrùn láti máa gbé e kiri ojúlé. Sítúdíò ni gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, ìdílé inú eré sì lè gbé láyé fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n má fi bẹ́ẹ̀ ní ojú ilé.

Èyí tó ṣàpèjúwe rẹ̀ jù fún mi ni Basi and Company, eré Ken Saro-Wiwa tó gbòde láàárín 1986 sí 1990. Adetola Street ní Èkó ni wọ́n ní àwọn èèyàn náà ń gbé. Basi gba yàrá kan nílé Madam, ó sì jẹ Madam lówó ilé lójoojúmọ́ ayé. Èkó pọ́ńbélé nìyẹn, àbí? Sítúdíò NTA ní Enugu ni wọ́n ti ń yà á. Lánlédì pé, ayálégbé pé, gbèsè owó ilé pé. Ilé nìkan ni ò sí.

Fídíò ló yí gbogbo ẹ̀ padà. Nígbà tí kámẹ́rà VHS dé, ọwọ́ kan lèèyàn fi ń gbé e. Ní 1989, Kenneth Nnebue, ọmọ Ìgbò tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì, náwó sórí fíìmù Yorùbá kan, Àjẹ́ Ni Ìyá Mi, fídíò ni wọ́n fi yà á. Ní 1992 ó ṣe Living in Bondage, òwò bá di ńlá. Láti ìgbà yẹn, kí lèèyàn tún ń fi sítúdíò ṣe? Sítúdíò ń fẹ́ kápẹ́ńtà, ó ń fẹ́ ọ̀dà, ó ń fẹ́ iná ọba tí ò ṣeé gbára lé. Ilé tí èèyàn ń gbé ti ní àga, ó ti ní kọ́tìnì, ó ti ní fíríìjì. Ẹ kàn fún onílé ní nǹkan, ẹ wọlé. Lòkéṣọ̀n ni wọ́n ń pè é.

Ibí yìí la ti yà kúrò lọ́nà àwọn Brady. Tiwọn, ojú ilé nìkan ni wọ́n yá. Ní tiwa, ojú, inú, ilé ìdáná, àtẹ̀yìnkùlé, gbogbo ẹ̀ ló máa ń wọ eré. Ẹ lè rí i nínú bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Pálọ̀ gidi ní ògiri mẹ́rin, kámẹ́rà á fẹ̀yìn tì í, kò sí ibi tó tún lè sún sí. Bí tọkọtaya bá ń jà, á jẹ́ lórí àga gígùn, kámẹ́rà á wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Bí lánlọ́ọ̀dù bá kun ilé ẹ̀ láàárín apá kìíní àti apá kejì, ìdílé inú eré ti kó lọ sílé mìíràn nìyẹn láìgbé ẹrù.

Wale Adenuga mọ ìyàtọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìwé àwòrán Ikebe Super tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976 ni Papa Ajasco ti jáde, kó tó di fíìmù ní 1984, kó tó wá di eré orí tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún 1990. Nínú ìwé àwòrán, ìlà bírò ni ilé. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ilé gbọ́dọ̀ ní páànù. Amaka Igwe, tó kú ní 2014, tiẹ̀ fi ilé sọ eré tiẹ̀ lórúkọ. Fuji House of Commotion, tó yọ láti ara Checkmate, kò ní ìtàn kankan bí ẹ bá yọ ilé kúrò: Chief Fuji tí Kunle Bamtefa ṣe, Mama Moji, Peace tí Ngozi Nwosu ṣe, àwọn ìyàwó tó kù àti ogunlọ́gọ̀ ọmọ, gbogbo wọn lábẹ́ òrùlé kan. Ta ló ń lo ilé ìdáná, ta ló jókòó sí àga ta: eré ti dé nìyẹn.

Ọ̀tà dára fún iṣẹ́ lòkéṣọ̀n ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀gbẹ́ Èkó la wà, owó ilé wa ò tó ti Èkó, ilé ńláńlá sì pọ̀ nínú fẹ́ńsì tó jẹ́ pé òkè òkun ni onílé wà, kẹ́tékà nìkan ló ń gbálẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni ariwo. Jẹnẹrétọ̀ iléeṣẹ́ kì í sùn, tírélà láti Sángo kì í sinmi, ibi tí mọ́ṣáláṣí bá dákẹ́ dé ni ṣọ́ọ̀ṣì á ti gbà á.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn onífíìmù kan gba ilé tó dojú kọ tiwa, lẹ́bàá ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, fún ọjọ́ mẹ́ta. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, opó ni, Màmá la máa ń pè é. Wọ́n kọ́kọ́ wá bẹ gbogbo àdúgbò: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa jẹn yín fún wákàtí kan péré." Wákàtí kan di mẹ́rin. Fọganáísà iwájú ilé ní òun ò ní dákẹ́ ẹ̀rọ òun àfi tí wọ́n bá san owó ọjọ́ fóun, wọ́n sì san án. Nígbà tí mo wọlé lọ wò wọ́n, wọ́n ti yọ fọ́tò ìgbéyàwó Màmá kúrò lára ògiri, wọ́n gbé ti òṣèré méjì kan síbẹ̀. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ara ẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kó má bàa ba eré jẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n á rántí dá Bàbá padà sórí ìṣó?"

Wọ́n dá Bàbá padà. Wọ́n sanwó, wọ́n fi páálí máòtì kan lé e. Nígbà tí eré náà jáde, a pé jọ wò ó, inú wa dùn bí ìgbà tí àdúgbò gba ife-ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn náà, gbèsè mú bàbá inú eré, ó sì gbé ilé lọ fún títà. Kò pé oṣù kan tí ọkùnrin kan fi wá kan géètì Màmá, ó ń béèrè iye tó jẹ́ gan-an. Ẹnì kan ti fi àwòrán ilé hàn án lórí fóònù, ó ní òun mọ onílé. Ọjọ́ yẹn ni Màmá pe ẹni tó ń kọ̀wé sára ògiri, ó ní kó kọ ọ́ gàdàgbà: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú wa mọ ìkọ̀wé yẹn. Ó wà lára ògiri káàkiri, láti Ọ̀tà dé Èkó. Kò sí ilé Brentwood tó nílò rẹ̀. Ohun tí onílé ń bẹ̀rù níbí ni kí ẹnì kan ya ojú ilé òun, kó sì fi ìtàn irọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kó sì gbowó lé e lórí. Bí ẹ bá sì wò ó dáadáa, ohun tí eré àwàdà ń ṣe náà nìyẹn, àyàfi pé ẹ̀rín ni ti eré. Nítorí náà, mi ò dá onílé lẹ́bi tí kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilé òun ni.

Síbẹ̀ ìtàn wa wà nínú àwọn ilé náà. Ní ojú ọ̀nà láti Sángo lọ sí Òṣòdì, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ṣì ń pe "Ilé Zik" lójoojúmọ́, ó ń pe "Ilé Epo", bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò bá tiẹ̀ mọ ẹni tí Zik jẹ́. Àwa kì í ra ilé bíi HGTV, ẹnu la fi ń tọ́jú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ pe ilé ìdílé aláwàdà kankan.

Ibi tó kù tí wọ́n kọ ọ́ sí ni ìparí eré. Ẹ mọ ibẹ̀: lẹ́tà wínníwínní tó ń sáré gòkè, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìdílé Alhaji báyìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Chief báyìí." Ti Màmá ò lò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Àfìgbà tí mo dá a dúró lórí fóònù kí n tó rí orúkọ ẹ̀ kà fún un, ó sì ní kí n tún un kà.

Mo ti ń tò ó jọ báyìí sínú tábìlì kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà mi: orúkọ eré, ọdún, ìṣẹ́jú tí ilé kọ́kọ́ hàn, àwọ̀ ọ̀dà, irú géètì, bóyá ilé alájà ni tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àti orúkọ tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sí ààyè fún àdírẹ́sì níbẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Onílé tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ á sọ fúnra ẹ̀.

Tí VCD àtijọ́ bá wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn àwọn òbí yín, ẹ gbé e jáde kó tó máa já. Ẹ nu ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ fi sínú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó lọ títí dé òpin. Nígbà tí orin ìparí bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì pa á. Ẹ tẹ pause, ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ sì bi bàbá yín bóyá ó mọ ìdílé náà.